Kíkó Ìtàn Àtìgbàdégbà Jọ Títí Yóò Fi Pé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òǹkàwé etí omi Ìlàjẹ, ní Igbókòdá

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ti wọkọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, láti Ayétòrò, láti Ugbónlà, láti àwọn ìletò tó wà létí òkun gan-an, kí ẹ tó gúnlẹ̀ sí Igbókòdá. Ẹ kò ní fi àárẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lásán lọ́wọ́ mi lónìí, lágbára Ọlọ́run.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ibì kan ni mo mú nínú rẹ̀: ìtàn àtìgbàdégbà, èyí tí kò parí nínú ìwé kan, tí ènìyàn ní láti máa kó ìdìpọ̀ rẹ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé, tí yóò sì kà á dé òpin. Mángà, ìwé aláwòrán àwọn ará Japan, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ni mo ń rí lọ́wọ́ ẹ̀yin ọ̀dọ́, òun náà sì ni èmi fúnra mi kó jọ. Ṣùgbọ́n n kò ní dúró sí Japan. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi nípa ìwé tiwa, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà á gbọ́ kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle yìí: ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò bá dì jọ, bó ti wù kó dùn tó, yóò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò tíì fọwọ́ kan mángà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Ìwé kékeré ni, kò ju ọwọ́ lọ. Láti ọ̀tún la ti ń ṣí i, a ó sì máa kà á lọ sí òsì. Ẹni tó bá ti jókòó nílé kéwú rí kò ní rí i bí ohun àjèjì. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Òbírí kékeré máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á sì wà nínú òbírí náà. Ojú àwòrán ni ìtàn ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, ojú ewé mẹ́rin yóò kọjá láìsí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òǹkàwé yóò sì mọ̀ pé ọkàn ẹni tó wà níbẹ̀ ti bàjẹ́.

Ọ̀nà tí ìwé náà ń gbà jáde ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí olóṣooṣù ló ti kọ́kọ́ ń jáde, orí kan lẹ́ẹ̀kan, nǹkan bí ogún ojú ewé ní ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn ìwé ìròyìn náà, Weekly Shōnen Jump, ti wà láti 1968. Ní ìparí 1994, ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀. Bébà rẹ̀ kò dára, ó nípọn, kò wọ́n. Àwọn ènìyàn ń kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ wọn a jù ú nù. Àwọn òǹkàwé a máa kọ̀wé padà láti sọ ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù, ìtàn tí kò bá sì rí ìbò, olótùú á gé e kúrò láìdúró de òpin rẹ̀. Ẹ wò ó, ìdájọ́ tó le ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí bíi mẹ́sàn-án bá ti jáde, ilé ìtẹ̀wé á kó wọn jọ, wọn á tẹ̀ wọ́n sórí bébà tó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọn á dì wọ́n ní ìwé kan tó tó igba ojú ewé, wọn á sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀: 1, 2, 3, títí lọ. Ìwé ìròyìn wà fún jíjù, ìdìpọ̀ wà fún fífi pamọ́. Èmi gbà pé ètò yìí, ju àwòrán lọ, ni agbára mángà.

Ó dá mi lójú pé ìtàn tí púpọ̀ nínú yín fẹ́ràn jù ni One Piece. Kò yà mí lẹ́nu. Ìtàn àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ta ló sì yẹ kó kà á bí kò ṣe ọmọ Ìlàjẹ? Eiichiro Oda ló ń yà á, láti oṣù July 1997. Ní 2015, ìwé Guinness kéde pé kò sí ìwé aláwòrán mìíràn tí ẹnì kan ṣoṣo kọ tí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láyé: ẹ̀dà 320,866,000. Ìdìpọ̀ ọgọ́rùn-ún jáde ní Japan ní oṣù September 2021, òǹkọ̀wé kò sì tíì sinmi. Luffy, ọ̀gá ọkọ̀ náà, jẹ èso kan nígbà èwe rẹ̀ tó sọ ara rẹ̀ di rọ́bà. Owó tó san fún agbára yẹn ni pé kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́ láé. Ẹni tó fẹ́ di ọba gbogbo òkun, tó bá ṣubú sómi, bí òkúta ni yóò rì. Níbí, tí ọmọ ti ń mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n kà, a mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà, nígbà tí ìdìpọ̀ ti lé ní ọgbọ̀n, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin agbẹ́kọ̀ tó wà láàárín wa gbọ́. Ọkọ̀ tí Luffy àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò, Going Merry, dé ìlú àwọn agbẹ́kọ̀ fún àtúnṣe. Àwọn agbẹ́kọ̀ wò ó, wọ́n ní igi ìdí rẹ̀ ti dá, kò sí àtúnṣe fún un mọ́. Luffy gbà pé kí àwọn wá ọkọ̀ mìíràn. Usopp, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò gbà. Àwọn méjèèjì torí ọkọ̀ náà jà, wọ́n sì pínyà. Nígbà tó ṣe, nígbà tí ọ̀tá ká gbogbo wọn mọ́, ọkọ̀ náà dá wá láìsí atukọ̀, ó gbé wọn jáde nínú ewu, lẹ́yìn náà ló là sí méjì lójú òkun. Luffy fi ọwọ́ ara rẹ̀ finá sí i. Bó ti ń jó lọ, ọkọ̀ náà ń tọrọ àforíjì pé òun kò lè gbé wọn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní etí omi wa, ọkọ̀ ló gbé wa lọ sílé ìwé, ọkọ̀ ló gbé ìyàwó wá, ọkọ̀ ló gbé òkú àwọn baba wa lọ síbi ìsinmi. N kò tíì rí ọmọ Ìlàjẹ tó ka ibẹ̀ tí ojú rẹ̀ gbẹ.

Ṣùgbọ́n One Piece kò tíì parí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1997 ti ń sún mọ́ ogójì ọdún báyìí, ó sì ń dúró. Kò sí ẹ̀rí pé ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ sí rere nígbà gbogbo. Kentaro Miura, tó ya Berserk fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, kú ní oṣù May 2021 ní ẹni ọdún 54, ìtàn náà kò tíì parí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kouji Mori, tí Miura ti sọ ibi tí ìtàn ń lọ fún, ń bá a lọ pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ olóògbé láti 2022. Osamu Tezuka, ẹni tí àwọn ará Japan ń pè ní baba mángà, kú ní 1989, Phoenix tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ kò parí títí dòní. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó ìtàn jọ dé òpin, ìmọ̀ràn mi ni pé kó kọ́kọ́ mú èyí tó ti parí.

Èyí tí mo mú ni Fullmetal Alchemist. Obìnrin ló kọ ọ́, Hiromu Arakawa, tí wọ́n bí ní 1973 sí erékùṣù Hokkaidō, nínú ẹbí olùsìn màlúù. Ìtàn náà ń jáde lóṣooṣù láti 2001 sí 2010, orí 108, ìdìpọ̀ 27. Ó bímọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn, iṣẹ́ kò dúró. Ó ṣe ìlérí òpin kan fún òǹkàwé, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún un.

Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n, Edward àti Alphonse. Baba wọn ti fi ilé sílẹ̀, ìyá wọn sì kú. Ìmọ̀ kan wà nílẹ̀ wọn tí wọ́n fi ń sọ ohun kan di òmíràn, òfin rẹ̀ sì ni pé ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan gbọ́dọ̀ fi ohun tó tó o lélẹ̀. Àwọn ọmọ náà fi ìmọ̀ yìí gbìyànjú láti jí ìyá wọn dìde. Ìyá kò dìde. Edward pàdánù ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, Alphonse pàdánù gbogbo ara, ẹ̀gbọ́n sì fi apá ọ̀tún rẹ̀ san án kí ẹ̀mí àbúrò lè dúró nínú ẹ̀wù irin ogun kan tó wà nínú ilé. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n finá sí ilé baba wọn, kí wọ́n má bàa ní ibi tí wọn yóò padà sí, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n láti wá ara wọn padà. Edward gbẹ́ ọjọ́ náà, ọjọ́ 3 oṣù October, sínú aago àpò rẹ̀ kó má bàa gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí ará Tokyo ṣe ń ka ojú ewé ilé tó ń jó yẹn, ọ̀tọ̀ sì ni bí ọmọ Ayétòrò ṣe ń kà á. Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí òkìkí rẹ̀ kàn yí ayé ká, òkun ti gbé òpópónà àti òpópónà rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn nínú yín ti kó ilé ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí omi ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ọmọ inú ìwé yẹn ló fọwọ́ ara wọn sun ilé wọn. Àwa kò sun tiwa. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń bá kiri lẹ́yìn ọjọ́ náà, bí ènìyàn ṣe ń rìn láyé nígbà tí kò sí ẹnu ọ̀nà tí yóò padà sí, àwa náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo pinnu pé n ó kó ìwé yìí jọ títí dé òpin.

Kíkó rẹ̀ jọ láti etí omi gba sùúrù. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta mángà ní Igbókòdá. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé òkìrìkà sílẹ̀ ní Yábàá ní Èkó ni mo ti rí ìdìpọ̀ mélòó kan, láìtò tẹ̀ léra. Àwọn kan wá nípasẹ̀ wébíìlì: ẹni tó tà á á gbé e fún awakọ̀ ní páàkì, awakọ̀ á gbé e gba Ọ̀rẹ̀ dé Òkìtìpupa, èmi á sì lọ gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Ìwé kan náà máa ń jáde ní oríṣi ìdì. Fullmetal Alchemist ní èdè Gẹ̀ẹ́sì wà ní ìdìpọ̀ 27. Ó wà ní mẹ́sàn-án, tí wọ́n ti so mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀. Ó sì tún wà ní 18, ẹ̀yìn líle, bébà ńlá. Nọ́ńbà 5 nínú ọ̀kan kò bá nọ́ńbà 5 nínú èkejì mu. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ dúró tì í.

Ìdìpọ̀ 19 ni n kò rí. Mo ní 1 dé 18, mo ní 20 dé 27, wọ́n tò sórí pẹpẹ pẹ̀lú àlàfo kan láàárín wọn. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí n fò ó, pé ta ni yóò mọ̀? Mo kọ̀. Ẹni tó bá ń ka ìtàn àtìgbàdégbà ti bá òǹkọ̀wé dá májẹ̀mú pé bó bá ṣe tò ó lòun yóò ṣe gbà á. Ní gbogbo àkókò tí mo fi dúró, mo ń padà ka àwọn ti iwájú, mo sì ń rí ohun tí mo ti fi ìkánjú kọjá lórí rẹ̀: ojú baba àwọn ọmọ náà nínú fọ́tò, ọ̀rọ̀ kan tí àlùfáà èké sọ nínú ìdìpọ̀ 1, òbírí ńlá tí wọ́n ń yà kiri orílẹ̀-èdè náà láìjẹ́ kí ará ìlú mọ ohun tó wà fún. Ìdúró náà sọ mí di òǹkàwé tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àbúrò mi kan tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ló mú ìdìpọ̀ 19 náà wálé nígbà ọdún Kérésìmesì, ó fi aṣọ wé e sáàárín ẹrù rẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa ṣẹ́.

Inú ìdìpọ̀ tí mo wá yìí gan-an ni gbogbo àdììtú ìtàn náà wà. Inú rẹ̀ la ti mọ ibi tí baba wọn ti ṣẹ̀. Ẹrú ni, nọ́ńbà 23 ni wọ́n ń pè é, kò ní orúkọ. Ọba ìlú tó ti ń sìn fẹ́ ẹ̀mí àìkú, ó sì gba ìmọ̀ràn ẹ̀dá kékeré kan tí wọ́n fi sínú ìgò. Láàárín òru kan, gbogbo ìlú kú. Ẹ̀mí àwọn ará ìlú náà, tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù, wọ inú ara ẹrú yẹn láìjẹ́ pé ó bèèrè fún un. Ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi mọ olúkúlùkù wọn.

Òkúta alágbára tí gbogbo ènìyàn ń wá nínú ìtàn yìí, tí wọ́n ní ó lè sọ irin di wúrà, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tí Edward àti Alphonse mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lò ó, bí àwọn kò bá tilẹ̀ ní rí ara àwọn gbà padà mọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ mi. Ní ilẹ̀ yìí tí àwọn ọmọ tí irun àgbọ̀n wọn kò tíì kún ti ń sáré oògùn owó, tí à ń gbọ́ ìròyìn tó ń múni gbọ̀n rìrì, ìtàn kan wà tí ọmọdé méjì ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn wò, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, láìsí pé àgbàlagbà kan dúró tì wọ́n tó ń wàásù. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ rí lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.

Òpin rẹ̀ wà nínú ìdìpọ̀ 27. Edward dúró níwájú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti gba ara àbúrò rẹ̀. Ohun tó fi lélẹ̀ láti gbà á padà ni ìmọ̀ tó fi di olókìkí láti ojú ewé àkọ́kọ́. Ó fi agbára rẹ̀ tọrẹ, ó di ènìyàn lásán, Alphonse sì padà wá, eegun lásán nínú awọ, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Tí ẹnì kan bá sọ èyí fún yín, bí mo ti sọ ọ́ yìí, ẹ ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì rí i. Ìwúwo rẹ̀ wà lára ìdìpọ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣáájú rẹ̀. Bí mo ti parí rẹ̀ ni mo ṣí ìdìpọ̀ 1 padà, ìtàn mìíràn ni mo bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan kò yí padà.

Ìtọ́jú ìwé létí omi kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a ó gbójú fò. Afẹ́fẹ́ wa tutù, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé tí kò rí afẹ́fẹ́ yóò bu, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò wú, lẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò yọ, ojú ewé yóò sì máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láé, pàápàá nínú ilé orí òpó tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má jẹ́ kó fara ti ògiri. Ike tó ní ìdérí dára ju páálí lọ, torí páálí ń fa omi, aáyán sì ń yé sínú rẹ̀. Ẹ máa ṣí i lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kí ẹ fẹ́ ojú ewé wọn sí afẹ́fẹ́, ẹ má sá wọn sóòrùn.

Ẹlòmíràn yóò ní fóònù ti yanjú gbogbo ìyẹn. Lóòótọ́, láti 2019 ni ilé ìtẹ̀wé Shueisha ti ṣí ojú òpó MANGA Plus, ọmọ Nàìjíríà sì lè ka orí tuntun One Piece lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kan náà tí ó jáde ní Japan. Mo dúpẹ́ fún un, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ bí iná mànàmáná ṣe rí ní gúúsù Oǹdó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ mọ̀ pé ohun tó wà nínú fóònù kò sí lọ́wọ́ wa nígbà tí iná kò bá sí. Ẹni tó ni ojú òpó náà sì lè yọ ìtàn kúrò lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ó wá kù sí tiwa. Àwọn kan rò pé ìtàn àtìgbàdégbà jẹ́ ohun tí a kọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó tàbí ará Japan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin náà ń ṣàìsàn, ó ń ka ìgbésí ayé rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí di 1930. Èkó gbóná. Àwọn ènìyàn gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè lóòótọ́, wọ́n ń kọ̀wé sí i, àwọn kan fi owó ránṣẹ́ sí i fún ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ sàmì sí. Ní 1930 kan náà, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé kan ṣoṣo. Nítorí pé ó dì í jọ, a ṣì lè kà á lónìí, ọ̀mọ̀wé Karin Barber sì tún gbé e jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èkó ti ṣe ohun tí Tokyo wá fi dowó, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí.

Ẹ wo òǹkọ̀wé Fágúnwà, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ọmọ Òkè-Igbó. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Igbó Olódùmarè ní 1949, Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje ní 1954. Akàrà-ògùn la bá pàdé nínú àkọ́kọ́. Ìtàn baba rẹ̀, Olówó-ayé, ló wà nínú èkejì. Ó yẹ kí ènìyàn kà wọ́n tẹ̀ léra bí a ti ń ka mángà, tí wọ́n bá sì tò sórí pẹpẹ kan náà, ojú á rí i pé iṣẹ́ ẹnì kan tí kò yé ronú ni. Nígbà tí omi gbé e lọ ní December 1963, ìwé ìtàn àròsọ márùn-ún ti wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ kò ní ju ẹyọ kan lọ nílé.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Atọ́ka ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúkọ yẹn ti mú yín rẹ́rìn-ín. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni ilé iṣẹ́ West African Book Publishers ti ń gbé e jáde ní Èkó. Fọ́tò ló wà nínú rẹ̀ ní ipò àwòrán. Àwọn òṣèré tíátà alárìnjó wa, àwọn bí Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá, á dúró níwájú kámẹ́rà, wọn á ṣe eré wọn níṣìísẹ̀-níṣìísẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn á sì wà nínú òbírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, ní Yorùbá tó mọ́. Ọkọ̀ ló ń gbé e dé etí omi pẹ̀lú ẹrù ọjà. Ọmọ kan á kà á, á yá ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n á yá ìyá tí kò mọ̀wé, wọn á kà á sí i létí.

Adéjọbí ti kú ní 2000, Ọláìyá ní 2018. Ọ̀pọ̀ nínú eré tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn gbé kiri kò wọ fíìmù rí. Ojú wọn, aṣọ wọn, bí wọ́n ṣe ń dijú tí wọ́n bá ń bínú, inú Atọ́ka ló wà. A kà á, a fi di ẹ̀pà. Kò sí ìdìpọ̀ olónọ́ńbà tí ọmọ lè lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1, kó sì kà á dé òpin. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ń jù nù ní Japan ti ní ìdìpọ̀ tó rọ́pò rẹ̀. Tiwa, jíjù lásán la jù ú nù.

Ọwọ́ wa kò tíì bọ́. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Amẹ́ríkà, gbé Iyanu: Child of Wonder jáde ní 2021 pẹ̀lú ayàwòrán Godwin Akpan, ìtàn ọmọbìnrin kan tí orúkọ, aṣọ àti àṣà inú rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá. Ìdìpọ̀ tẹ̀ lé ìdìpọ̀, ó sì dé orí tẹlifíṣọ̀n Cartoon Network ní April 2025. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí ya tirẹ̀ ní Yorùbá, kí omi wà nínú rẹ̀, kí ọkọ̀ wà nínú rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní mángà, ẹ pàdé, kí ẹ kọ orúkọ ìdìpọ̀ tí olúkúlùkù ní sílẹ̀. Ẹni tó ní 6 àti ẹni tó ní 7 ń gbé àdúgbò kan náà láìmọ̀. Ẹ fi wọ́n sójú kan tí omi kò lè dé, kí àwọn àbúrò yín lè ka ìtàn kan tán. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fún wọn ní pẹpẹ kan nílé ìwé, ẹ má sì sọ pé ìwé aláwòrán kì í ṣe ìwé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ lọ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ ibùsùn. Tí ẹ bá bá Atọ́ka níbẹ̀, bó ti wù kó ya tó, bí iwájú rẹ̀ kò tilẹ̀ sí mọ́, ẹ má jù ú sómi, ẹ má fi dáná. Ẹ mú un wá sí Igbókòdá, a ó ya fọ́tò ojú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó dá tiyín padà fún yín, a ó sì tò wọ́n bó ṣe yẹ kí wọ́n tò. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ mú un wá kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀.